Bọ́ǹbù Amẹ́ríkà já sí Ọ̀fà lóru Kérésì: Ṣé ogun ẹ̀sìn ti wọ̀lú nìyẹn?

Kérésì ọdún 2025 kò ní í tètè kúrò lọ́kàn àwọn ará Ọ̀fà. Ìlú tí kò bá Amẹ́ríkà jà, tí kò rán ẹnikẹ́ni níṣẹ́ ogun, tí Mùsùlùmí àti Kristẹni ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà níbẹ̀ tipẹ́tipẹ́, òun ni nǹkan ṣàdédé já lù láti òkè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan báyìí. Kò kúkú pa èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n máa mọ ohun tó já, àjókù bọ́ǹbù Amẹ́ríkà ni.

Donald Trump fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pariwo ọ̀rọ̀ náà síta. Ó ní àwọn ọmọ ogun òun ti da iná lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ISIS lórí lápá ìwọ̀-oòrùn àríwá Nàìjíríà, nítorí pé wọ́n ń pa Kristẹni. Ìjọba Nàìjíríà náà yára sọ̀rọ̀, wọ́n ní kì í ṣe pé wọ́n jálẹ̀kùn wọlé, àwọn mọ̀ sí i, àwọn sì fọwọ́ sí i. Mohammed Idris, mínísítà ètò ìròyìn, ló wá ṣàlàyé bó ṣe lọ: igbó Bauni ní ìjọba ìbílẹ̀ Tangaza, ìpínlẹ̀ Sókótó, ni wọ́n fojú sùn, bọ́ǹbù 16 ni wọ́n lò, dírónù tí wọ́n ń pè ní MQ-9 Reaper ló gbé wọn, ojú agbami òkun Gulf of Guinea ni wọ́n sì ti gbéra. Àjókù rẹ̀ kan bọ́ sí Jabo ní Tambuwal, ní Sókótó níbẹ̀, èkejì ló bọ́ sí Ọ̀fà ní Kwara.

Gulf of Guinea tí mínísítà dárúkọ yẹn, ẹni tó bá ń gbé Eléko kò ní í wá a jìnnà. Òun ni omi tó ń ru gùdù níwájú wọn lójoojúmọ́, tí àwọn apẹja ń tì ọkọ̀ wọn sí láàárọ̀. A ò sọ pé ẹnì kan rí ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà láti etí òkun Eléko o, agbami tóbi, ojú èèyàn kò sì lè ká a. Ṣùgbọ́n omi kan náà ni. Ìgbà tí èèyàn bá sì gbọ́ pé inú omi tó wà lẹ́yìnkùlé òun ni wọ́n ti ju òkò lọ sí Sókótó, tí òmíràn nínú rẹ̀ ṣìnà bọ́ sí ilẹ̀ Yorùbá, kò sí kó má bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ló kàn.

Ohun tó sì mú kí ìbéèrè náà le ni ohun tí Trump sọ pé òun torí ẹ̀ ṣe é. Bó bá jẹ́ pé ó ní òun fẹ́ bá Nàìjíríà lé àwọn jàǹdùkú ni, ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Nítorí Kristẹni ló ní òun ṣe jà. Láti ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ló ti kọ orúkọ Nàìjíríà padà sínú ìwé àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ń fojú ẹlẹ́sìn gbolẹ̀. Òun náà ló kọ́kọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ lọ́dún 2020, tí Joe Biden yọ ọ́ lọ́dún 2021. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ báyìí, ó ní bí ìjọba Nàìjíríà bá ń wò ó níran, òun á kó ìbọn wọ̀lú wá fún wọn. Ààrẹ Bọ́lá Tinubu dáhùn pé orílẹ̀-èdè òun kì í fìyà jẹ ẹnikẹ́ni nítorí ẹ̀sìn. Tinubu tó ń dáhùn yìí, Mùsùlùmí ni. Olúrẹ̀mí, ìyàwó rẹ̀, pásítọ̀ ni nínú ìjọ Redeemed. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ta ni yóò dojú ìbọn kọ ta ni nínú ilé yẹn?

Ilé Tinubu sì kọ́ ni ilé àrà. Ilé tó dà bẹ́ẹ̀ kún gbogbo etí òkun Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, láti Ajah títí dé Ẹ̀pẹ́. Bàbá á máa jẹ́ Alhaji, àbúrò rẹ̀ á máa jẹ́ Díákónì. Ìyá ẹlẹ́ja tó ń yan ẹja létí omi á dé ìborùn lọ sí wáàsí lọ́jọ́ kan, ó sì lè jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ obìnrin ló ń ṣáájú orin ní ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀. Wọ́n á jọ pín ẹran Iléyá, wọ́n á jọ jẹ ìrẹsì Kérésì, wọ́n á sì tún jọ lọ wo eégún tó bá jáde. Kì í ṣe pé wọn kì í jà o. Wọ́n ń jà dáadáa, pàápàá lórí ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjà ilẹ̀ ni wọ́n ń pè é, wọn kì í pè é ní ìjà Ọlọ́run.

Ohun tó yàtọ̀ ní Eléko òní sí ti àná ni pé èrò ti pọ̀ ju onílé lọ. Kí wọ́n tó máa kọ́ ilé-iṣẹ́ ńláńlá, ẹja àti àgbọn ni wọ́n mọ agbègbè yẹn mọ́, òun àti àwọn tó máa ń wá ṣe fàájì létí òkun lópin ọ̀sẹ̀. Ẹ wá wo ohun tó dé lẹ́yìn náà: agbègbè òwò ọ̀fẹ́ Lẹ́kì tí àwọn ará Ṣáínà dá owó sí, èbúté ńlá tí wọ́n ṣí lóṣù kìíní ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote tí wọ́n ṣí lóṣù Karùn-ún ọdún kan náà, tí wọ́n ní ó lè fọ àgbá epo 650,000 lójúmọ́ kan. Ọ̀nà oúnjẹ là, ni gbogbo ayé bá rọ́ dé. Hausa dé, Íbò dé, Ìlàjẹ, Ègùn, ará Íńdíà, ará Ṣáínà, gbogbo wọn ló jọ ń kìràkìtà ní oríta Eléko láàárọ̀, tí wọ́n jọ ń sáré wọ kòrópè.

Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rù ti ń bà wọ́n. Nínú abúlé tí gbogbo èèyàn ti mọ bàbá ara wọn, bí ẹnì kan bá sọ pé ogun ẹ̀sìn ń bọ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí i. Wọ́n mọ̀ pé Ràṣídì tó jẹ́ Mùsùlùmí, ọmọ ẹ̀gbọ́n Jósẹ́fù ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwọ ti dé ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ẹni tó wà ní yàrá kejì dé ní oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, kí lo mọ̀ nípa rẹ̀? Fìlà orí rẹ̀ lo mọ̀, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é. Bí fídíò kan bá ti Sókótó dé sórí fóònù tìẹ, tí òmíràn ti Amẹ́ríkà dé sórí fóònù tirẹ̀, tí wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì ti di ọ̀tá láti òní lọ, kò sí bàbá kan náà tí ẹ jọ máa bi léèrè.

Bí a bá sì ń sunkún, à máa ń ríran. Wọ́n ń pa Kristẹni ní Nàìjíríà, irọ́ kọ́. Ọ̀wọ̀ ni ẹ̀rí wà: lọ́jọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì, àwọn agbébọn wọ ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì St. Francis, wọ́n sì pa èèyàn tó tó 40 níwájú pẹpẹ. Èèyàn tó bá ní kò ṣẹlẹ̀, kó lọ sọ ọ́ níwájú àwọn ará Ọ̀wọ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, àwọn agbébọn tún ya wọ ìjọ Aposteli Kristi ní Eruku, ní Kwara, wọ́n pa èèyàn níbẹ̀, wọ́n sì kó àwọn olùjọsìn wọgbó. Gbogbo ayé ló rí fídíò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Kwara kan náà ni Woro wà, nítòsí Kaiama. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2026, wọ́n ya wọ̀lú náà, wọ́n sì pa èèyàn tó ju 150 lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní Malumfashi, ìpínlẹ̀ Katsina, lóṣù Kẹjọ ọdún 2025, inú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n bá àwọn èèyàn níbi tí wọ́n ti ń kírun, tí wọ́n sì yìnbọn lù wọ́n. Ẹni tó ń kírun Àsùbáà, ìjọ wo ni ká sọ pé ó ń lọ? Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Trump fi kọ́ni lọ́fun. Ìdajì òótọ́ ló mú, ó sọ ọ́ bíi pé òun ni gbogbo rẹ̀. Àwọn tó ń pa èèyàn yìí ń pa Kristẹni, wọ́n sì ń pa Mùsùlùmí tó bá kọ̀ tí kò ṣe tiwọn. Bí wọ́n bá wá ya ilà sáàárín, tí wọ́n ní Mùsùlùmí wà lọ́hùn-ún, Kristẹni àti òyìnbó wà níbí, ibi tó dáa jù fún àwọn apààyàn yẹn ni wọ́n gbé ilà sí. Ohun tí àwọn fúnra wọn ń wá láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé nìyẹn.

Àwọn tó bá rò pé Kérésì 2025 ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òyìnbó máa ti inú òkun yìí yin ìbọn, ìtàn Èkó ni kí wọ́n lọ kà. Lásìkò Kérésì ọdún 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ inú ọ̀sà Èkó, wọ́n sì da ìbọn bolẹ̀ títí ìlú fi jó. Ogun Àgídìngbì ni àwọn ará Èkó ń pè é nítorí bí ìbọn náà ṣe ń dún. Ọba Kòsọ́kọ́ ni wọ́n lé, Akíntóyè ni wọ́n fi jẹ. Àwọn míṣọ́nnárì tó wà ní Badagry àti Abẹ́òkúta wà lẹ́yìn Akíntóyè gbágbáágbá. Kòsọ́kọ́ ní tirẹ̀ gba Ẹ̀pẹ́ lọ pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Títí di òní, Ẹ̀pẹ́ ṣì jẹ́ ìlú tí ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ ò rí i pé bó bá jẹ́ ayé ìsinsìnyí ni, ariwo tí wọ́n máa pa ni pé Gẹ̀ẹ́sì Kristẹni lé ọba tí Mùsùlùmí wà lẹ́yìn rẹ̀? Ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn ìgbà náà ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òwò ẹrú, ọ̀rọ̀ epo pupa àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sórí ìtẹ́ ni. Kòsọ́kọ́ náà kò pè é ní ogun ẹ̀sìn. Etí òkun yìí ló fi ń ṣòwò, ní Palma àti Lẹ́kì, kò jìnnà sí Eléko. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, òun àti aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Benjamin Campbell, jókòó ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n sì tọwọ́ bọ̀wé: Kòsọ́kọ́ ní òun ò ní í bá Èkó jà mọ́, Gẹ̀ẹ́sì ní Palma di èbúté rẹ̀. Òwò ló dá ìjà náà sílẹ̀, òwò náà ni wọ́n fi parí ẹ̀. Lọ́dún 1862, Kòsọ́kọ́ padà sí Èkó, ó sì kú síbẹ̀.

Ogójì ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì jó Èkó, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìlú kan náà ló yẹ kí wọ́n máa sọ fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni. Mohammed Shitta, oníṣòwò ńlá tí wọ́n bí ní Sàró, ṣí mọ́ṣáláṣí tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ní Èkó. Ta ló kọ́ ọ fún un? João Baptista da Costa, ọmọ Àgùdà tó ti Bràsíìlì dé. Ta ló ṣe alága ayẹyẹ? Gilbert Carter, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì. Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀, Edward Blyden wà níbẹ̀, àwọn Kristẹni ńláńlá ìgbà náà bíi J.P.L. Davies, Ọ̀túnba Payne àti R.B. Blaize jókòó síbẹ̀. Sultan Turkey, tó jẹ́ olórí Mùsùlùmí àgbáyé nígbà náà, rán aṣojú wá, ó sì fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Aṣojú tó rán wá gan-an ni àrà tó wà níbẹ̀: òyìnbó ni, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, Abdullah Quilliam, lọ́yà ará Liverpool tó ti gba ìsìláàmù.

Lẹ́tà tí Quilliam mú wá láti ọ̀dọ̀ Sultan ni wọ́n kà sétí àwọn Mùsùlùmí Èkó. Kò sọ pé kí wọ́n lé òyìnbó. Kò ní kí wọ́n sá fún ìwé òyìnbó. Ohun tó bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn lọ kàwé òyìnbó!

Ìmọ̀ràn yẹn ni Yorùbá gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rọrùn fún wọn. Ìṣòro tó wà nílẹ̀ nígbà náà ni pé ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni ilé-ìwé wà. Bàbá tó bá fi Mùsítàfá síbẹ̀, Mọ́síìsì ló máa gbà padà. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kì í ṣe àròsọ, ó ń ṣẹlẹ̀ lójú wọn. Ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó lọ́dún 1896, kò sì tó. Nígbà tó di ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1923, àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí kan kóra jọ ní Èkó, wọ́n dá Ansar-Ud-Deen sílẹ̀. Wọ́n ní bó bá jẹ́ pé ilé-ìwé ni wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwọn, àwọn náà á kọ́ ilé-ìwé. Wọ́n kọ́ ọ lóòótọ́. Àìmọye Kristẹni ló sì jókòó sórí bẹ́ńṣì Ansar-Ud-Deen kí wọ́n tó di dókítà àti adájọ́.

Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri. Mohammed Yusuf náà rí i pé ìwé òyìnbó ń yí àwọn ọmọ lórí padà. Tirẹ̀ ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni, kí wọ́n pa á rẹ́. Ọlọ́pàá pa Yusuf lóṣù Keje ọdún 2009, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ tí ayé ń pè ní Boko Haram sì tẹ̀ síwájú. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2014, wọ́n kó ọmọbìnrin 276 nínú ilé-ìwé wọn ní Chibok. Ẹ̀sìn kan náà ni, Kùránì kan náà ni, ìbẹ̀rù kan náà ni wọ́n sì jọ bẹ̀rẹ̀ lé lórí. Ohun tí ẹni kan fi kọ́ kíláàsì ni ẹni kejì fi jó o.

Ká má tan ara wa jẹ ṣá. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ilẹ̀ Yorùbá ń tutù. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Èkó ẹ rántí ọ̀rọ̀ híjáàbù. Láti ilé-ẹjọ́ gíga tó ní kí àwọn ọmọ Mùsùlùmí má lò ó nílé-ìwé ìjọba lọ́dún 2014, sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tó ní kí wọ́n lò ó lọ́dún 2016, títí dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ, níbi tí adájọ́ márùn-ún nínú méje ti sọ lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹfà ọdún 2022 pé ẹ̀tọ́ wọn ni. Ẹ̀wù ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n ń fà láti ọjọ́ yìí! Ṣùgbọ́n ó lé ní ẹ̀wù. Àwọn ìjọ gbà pé àwọn ló kọ́ ilé-ìwé yẹn kí ìjọba tó gbà á, pé nǹkan àwọn ni wọ́n ń gbà díẹ̀díẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí gbà pé owó orí tiwọn náà ló ń san owó tíṣà, pé kí ló dé tí ọmọ àwọn á fi máa ṣí orí kó tó kàwé. Àwọn méjèèjì ló ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu.

Ní Kwara, ọ̀rọ̀ yẹn ti di ẹ̀jẹ̀ rí. Lóṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n ju òkò lu ara wọn ní Ìlọrin. Lóṣù Kejì ọdún 2022, ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-ìwé Oyun Baptist ní Ijagbo, èèyàn kan sì bá a lọ. Ijagbo, ẹ jọ̀ọ́, fẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́ ni òun àti Ọ̀fà. Ibi tí bọ́ǹbù Trump já sí kò jìnnà síbi tí ọmọ Yorùbá méjì ti pa ara wọn lára nítorí ìborùn. Bí ẹnì kan bá wá gbé ọ̀rọ̀ ìborùn yìí, tó sọ fún àwọn ará Ijagbo pé ara ogun ńlá tó wà láàárín Mùsùlùmí àti òyìnbó ni, a jẹ́ pé ó da epo síná. Kò sí òyìnbó nínú ìjà wọn. Ọmọ ìyá ni wọ́n, ilé-ìwé kan ṣoṣo ni wọ́n ń fà, tí ìjọba kò kọ́ èkejì sí i.

Irú epo yẹn ti jó ilé rí níbòmíràn. Lóṣù Kẹwàá ọdún 2001, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Afghanistan, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn ní Kano. Kí ni Kano fi jọ Kabul? Ọdún tó tẹ̀ lé e, nítorí ìdíje arẹwà àgbáyé tí Nàìjíríà fẹ́ gbà lálejò lẹ́yìn tí Àgbáni Darego gba adé, ìwé ìròyìn ThisDay kọ ọ̀rọ̀ kan nípa Ànábì tó bí àwọn Mùsùlùmí nínú, Kaduna sì gbiná, ó lé ní igba èèyàn tó kú. Àwọn arẹwà wọkọ̀ òfúrufú lọ sí London, wọ́n lọ ṣe ìdíje wọn níbẹ̀. Àwọn tó kú ní Kaduna kò rí ọkọ̀ wọ̀ lọ síbì kankan.

Ọ̀rọ̀ náà sì máa ń yí bìrí, á tún padà lọ bá ọmọ wa nílé òyìnbó. Kérésì ọdún 2009, Umar Farouk Abdulmutallab wọ bàlúù nílùú Èkó, ó gba Amsterdam, ó fẹ́ fi bọ́ǹbù inú pátá rẹ̀ já ọkọ̀ òfúrufú lulẹ̀ ní Detroit. Ọlọ́run kò jẹ́ kó bú. Bàbá tó bí i, Umaru Mutallab, gbajúmọ̀ Mùsùlùmí, ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà ní oṣù kan ṣáájú pé ọkàn òun kò balẹ̀ lórí ọmọ òun. Wọn ò ṣe nǹkan kan sí i. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ tán, wọ́n kó Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n á máa tú ara àwọn èèyàn wọn wò ní pápákọ̀ òfúrufú. Díákónì tó fẹ́ lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Houston náà bọ́ bàtà.

Ti London tún ká àwọn Yorùbá lára jù. Lọ́jọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2013, àwọn méjì kan pa Lee Rigby, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ẹni ọdún 25, ní gbangba ìta ní Woolwich, wọ́n ní àwọn ń gbẹ̀san àwọn Mùsùlùmí. Orúkọ wọn kọ́ ni Abdul-Aziz tàbí Osama. Michael Adebolajo àti Michael Adebowale ni. Inú ilé Kristẹni ni wọ́n ti tọ́ Adebolajo dàgbà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti bí i, kó tó wá gba ìsìláàmù. Wọ́n rán òun lọ sẹ́wọ̀n títí tó fi máa kú, wọ́n ní Adebowale kò gbọ́dọ̀ jáde kó tó lo ọdún 45. Àwọn Yorùbá tó wà ní Peckham àti Woolwich lọ́jọ́ náà kò mọ ibi tí wọ́n á fi ojú sí. Orúkọ adé ló wà lẹ́nu tẹlifíṣọ̀n, kò sì sí ará Gẹ̀ẹ́sì tó dúró béèrè bóyá ṣọ́ọ̀ṣì ni Adé tirẹ̀ ń lọ tàbí mọ́ṣáláṣí.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí pẹ̀lú ẹni tó ní òun ń jà fún Kristẹni yìí. Ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, ọjọ́ mẹ́sàn-án péré kí bọ́ǹbù tó já sí Ọ̀fà, Trump bu ọwọ́ lu ìwé tuntun tó dín físà àwọn ọmọ Nàìjíríà kù láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Ìdí méjì ló kọ síbẹ̀: pé Boko Haram àti ISIS ń ṣe bó ṣe wù wọ́n láwọn apá ibì kan ní Nàìjíríà, àti pé àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá dé Amẹ́ríkà kì í fẹ́ padà sílé lásìkò. Físà àbẹ̀wò wà nínú rẹ̀, ti òwò wà nínú rẹ̀, ti àwọn ọmọ tó fẹ́ lọ kàwé wà nínú rẹ̀. Ọmọ pásítọ̀ tí yunifásítì ti fún níwèé wá ká, ọmọ àáfà tí yunifásítì ti fún níwèé wá ká, ibi kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Nínú gbogbo ohun tí Trump kọ sínú ìwé náà, kò síbi tó ti yọ Kristẹni Nàìjíríà sọ́tọ̀.